Ilá Etí Odò Tí Ìyàwó Mi Fà Tu

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa kò ní jẹ́ kí ayọ̀ rẹ rẹ̀yìn. Tèmi ń lọ síwájú ni, torí láti oṣù méjì tí mo ti gbé ìyàwó, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo fi dá gbé látìgbà tí ìyá rẹ ti sinmi, ẹnu mi kò pa dé mọ́, àwọn ará àdúgbò sì ti ń pè mí ní Ọkọ Ìyàwó Aláìléyín. Kí wọ́n máa pè mí.

Omíyalé ti lọ, ó fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀ sóko wa létí odò, ìyàwó mi gbin ilá sí i, ilá náà sì ń yọ bí ẹni ń bínú. Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe dé, wọ́n ní omi náà gba ibi tí wọ́n ń kó òkú bátìrì ọkọ̀ jọ sí kọjá, ó lè ti gbé òjé, irin olóró inú bátìrì, wá, kí olóko kọ̀ọ̀kan bu ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá fún àyẹ̀wò. Ẹrẹ̀ tiwa ń rùn, ojú ti ìyàwó mi, ó ní a kì í gbé ìdọ̀tí fún àlejò, ló bá bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dípò rẹ̀, ó jọ̀ ọ́, ó sá a, ó dì í dáadáa.

Nígbà tí èsì dé, ti gbogbo èèyàn kò dára, tiwa nìkan ló mọ́! Mo fò sókè. Òṣìṣẹ́ náà béèrè bá a ṣe ṣe é, ìyàwó mi sì fi ayọ̀ ṣàlàyé ọgbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá lọ bu ti etí odò fúnra rẹ̀. Òjé kún inú rẹ̀.

Èmi kò mikàn. Mo yọ òòfà inú rédíò àtijọ́, mo so okùn mọ́ ọn, mo wọ́ ọ ká oko láti àárọ̀ dọ̀sán. Ìṣó mẹ́ta àti ṣíbí kan ló gbé. Mo pe òṣìṣẹ́ náà lórí fóònù pé kó wá gbé òjé rẹ̀, oko ti mọ́. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òjé kì í tẹ̀lé òòfà, àti pé bí a bá tilẹ̀ fọ ilá náà nígbà ọgọ́rùn-ún, ti inú rẹ̀ kò ní jáde.

Mo bẹ ìyàwó mi pé ká jẹ ẹyọ kan péré. Ó so ìró le, ó fa gbogbo rẹ̀ tu, èyí tó ti so àti èyí tó ń tanná, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti ṣe opó lẹ́ẹ̀kan, òun kò ní tìtorí ilá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ mi, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi.

Jọ̀ọ́, fi owó wáyà ránṣẹ́ ká fi ṣọgbà sẹ́yìnkùlé tí ilẹ̀ ti mọ́, níbi tí a ó ti tún ilá gbìn, torí ewúrẹ́ aládùúgbò kò gbọ́ràn. Ìwọ náà á fẹ́ ẹni tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ nítorí pé ó fẹ́ kó o pẹ́ láyé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.