Ẹṣin Bíi Koríko Tí Àlùfáà Seisyll Kọ Sínú Ìwé

Bàbá Seisyll, òní ló pé ọdún mẹ́ta tí a ti ń wo àga yín lófìfo. Èmi Ithel ni, ọmọ àbúrò yín, tí mo fa ẹṣin yín yí gbogbo ilẹ̀ Wales ká. Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀. Ẹnu ni mo ní.

Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jò sí yín lórí tí ẹ bá ń wàásù, a ti fi òkúta pẹlẹbẹ bò ó. Èmi nìkan ni mo gbé gbogbo òkúta náà gòkè. Ó dáa, a pé mẹ́fà. Gwerful àbúrò mi ti bí ọkùnrin, orúkọ yín la sọ ọ́. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fi oyè bíṣọ́ọ̀bù dù.

Mo rántí ìrìn wa, Bàbá! Mo rántí òjò odò Teifi. Mo rántí búrẹ́dì tó le débi pé mo fi kan ìṣó mọ́ pátákò ẹṣin. Mo rántí yíǹkì yín tó dì gbagidi nínú ìwo, tí mo fi há abíyá kó lè yọ́. Tá a bá wọ abúlé, ẹ ó ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀, kẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn wa. Kí ni mi ò mọ̀? Àgàgà ohun tí mi ò rí rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún yín pé abo ẹṣin kan gbé mọ́ńkì mẹ́ta, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, sọdá Teifi lọ́jọ́ tí odò kún. Ó dáa, mọ́ńkì kan ni, ó sì rí bíńtín. Mo ní glas ni ẹṣin náà. Párísì lẹ ti kàwé láti kékeré, èdè wa ń tiro lẹ́nu yín. Ẹ mọ̀ pé àwọ̀ koríko là ń pè ní glas. Ẹ ò mọ̀ pé ẹṣin tó rí bí eérú, glas náà là ń pè é.

Ẹ gbójú sókè, ẹ ní, “Ithel, ṣé bíi koríko ló rí?”

Mo ní, “Bíi koríko gan-an, Bàbá.”

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ní lọ́la ni màá sọ òótọ́ fún yín. Mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sì kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Mọ́ńkì Einion, tó ń ṣe àdàkọ ìwé yín, gbé ọ̀bẹ wá. Ó ní òpùrọ́ lẹ jẹ́, ẹṣin bíi koríko ò sí láyé. Ó ní òun ò dà á kọ mọ́, òun máa ha gbogbo rẹ̀ kúrò lára awọ tí ẹ kọ ọ́ sí, òun á kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Gbogbo ìrìn wa, Bàbá! Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá ò purọ́. Èmi ni. Ẹṣin eérú lásán ni.”

Ó ní, “Ithel, ìgbà wo lo sọ òótọ́ rí? Tí ìwọ bá ti lè búra pé kò rí bíi koríko, a jẹ́ pé bíi koríko ló rí.” Ó ki ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Ó ti kọ ọ́ tán. Láàárọ̀ yìí ó kà á lórí sàréè yín: mọ́ńkì mẹ́ta, odò tó kún, ẹṣin bíi koríko. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bíi kẹ́ ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tún bi mí léèrè. Eérú ni, Bàbá. Bí eérú ló rí.

A fẹ́ràn yín síbẹ̀. Àárò yín ń sọ mí lójoojúmọ́. Mi ò fi irọ́ kún èyí.