Kọ̀ǹpútà Yunier àti Ṣúgà Eladio

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Etíkun,
                                        Gibara, Holguín.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2023.

Ofelia, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, àti àwọn adìẹ yín? Èmi ò ní nǹkan kan tó ń ṣe mí àfi ọjọ́ orí. N kò ní kí ọ pẹ́ lónìí. Ara Eladio àbúrò wa kò yá, àìsàn náà sì lágbára. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo fi lẹ́tà yìí rán, torí bí iná bá ti lọ, fóònù náà á bá a lọ. Kí o tó ka ìyókù, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé ọ kúrò ní Camagüey.

O mọ̀ pé Yunier, ọmọ ọmọ mi, ní kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe fídíò ayẹyẹ fún àwọn ọmọbìnrin tó bá pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àjákù oríṣiríṣi ló tò pọ̀ di ẹ̀rọ yẹn. Iṣẹ́ ń pọ̀, ẹ̀rọ ń falẹ̀, ni òun àti Osmel ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, bá wọ inú ètò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó máa sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ. Mo bi Yunier pé ṣé ìyẹn dára. Ó ní, "Ìyá àgbà, gbogbo ayé ló ń ṣe é." Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá wa ṣe ń na ìbaaka rẹ̀, títí ó fi wó lulẹ̀ tòun ti ẹrù ìrèké lẹ́yìn. Eladio rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀: "Fi í sílẹ̀, Nereida. Ẹ̀rọ yẹn ń mu iná ju bí mo ṣe mu ọtí nígbà èwe mi lọ."

Fún ìgbà díẹ̀ ó sáré lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, fáànù inú rẹ̀ á yí, á ké bí òròmọdìẹ, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Á kú, á tún fúnra rẹ̀ tàn, á tún kú. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, o sì mọ bí iná ṣe ń lọ níbí. Osmel tú u palẹ̀ sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ó fi írésà nu àwọn pátákó kéékèèké inú rẹ̀, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ bọ́tìnnì wò, ó tún ń dá wọn padà. Níkẹyìn ó fi èékánná yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bí owó ẹyọ. Ó ní òun nìyẹn. Bátìrì yẹn ló ń bá ẹ̀rọ náà rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó sì ti kú. Bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ náà á gbàgbé gbogbo rẹ̀, títí kan ọdún tí a wà. Ó fi báírò pupa fa àgbélébùú sí i lára kó má bàa dà pọ̀ mọ́ tuntun.

Mo ní, "Tuntun dà?"

"Ìyá Nereida, ẹ bá mi bi òkun."

Wọ́n wá a yí Gibara ká, wọn ò rí. Osmel ní kí àwọn dá eré ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà, kó máa rọra ṣiṣẹ́. Yunier kọ̀. Ó ti ṣèlérí fídíò fún ìyá ọmọ kan, ọjọ́ ayẹyẹ sì ti sún mọ́lé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Eladio kò tàn mọ́. Yunier ní afẹ́fẹ́ òkun ló bà á jẹ́. Mo gbà, torí afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ ilẹ̀kùn mi pàápàá. Kọ̀ǹpútà wá ń tàn ní ìtẹ̀ ẹyọ kan, Yunier ń kọrin. N kò so méjèèjì pọ̀.

Láìsí nọ́ńbà, a ò mọ iye abẹ́rẹ́ adínṣúgàkù tó yẹ kí a gún fún un. Bó bá pọ̀ jù, ó lè pa á lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀ ni mò ń gún, díẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ni Eladio bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ mu kànga gbẹ ni?" Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀ sùn." Ojú rẹ̀ ń rì sínú, ó ń tọ̀ ṣáá. Egbò kékeré tí bàtà dá sí i ní gìgísẹ̀ kò jiná, ó ń dúdú sí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí èèrà. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ike ìtọ̀ rẹ̀. Mo da omi gbígbóná lé wọn lórí. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti tún tò, wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. O rántí pé irú èèrà tí ìtọ̀ oníṣúgà ń fà yẹn la rí lábẹ́ ibùsùn ìyá wa.

Mo ní kí Osmel wá bá mi wo ẹ̀rọ ṣúgà náà. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú mi. Bátìrì tó ní àgbélébùú pupa lára ló wà níbẹ̀.

Ó ní, "Yunier, níbo lo ti rí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ?"

Yunier ní òun kàn yá a ni, òun á dá a padà tí fídíò bá parí. N kò gbá a létí. Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní ẹ̀rọ náà lè má dìde mọ́. Mo ní, "Yọ ọ́, kí n tó fi òòlù bá ọ yọ ọ́."

Wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ ṣúgà, a gún Eladio níka. Kò mú nọ́ńbà wá. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé jáde. Osmel kà á, kò fẹ́ sọ. Mo ní kó sọ. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣúgà náà ti kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè kà dé.

Dókítà àdúgbò ti wá. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fọ ẹsẹ̀ náà, ó wá fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní Holguín ni kó lọ, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti gé ẹsẹ̀ náà. Ọkọ̀ aláìsàn gbé aboyún lọ, à ń dúró dè é. Eladio ò tíì mọ̀ nípa gígé. Ó ní òun á bá ọ jó tí o bá dé. Bí wọ́n bá sọ fún un, yóò kọ̀, bó bá sì kọ̀, yóò kú. Ìwọ nìkan ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìdí tí mo fi ní kí o wá nìyí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé ẹ̀yìn. Yunier ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kó kọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, títí kan ibi tí orúkọ tirẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà náà ń bẹ níwájú wa lórí tábìlì. Kò tàn mọ́, kò sì sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Eladio ń pè láti yàrá. Omi ló tún ń béèrè.

Orúkọ ìsàlẹ̀ yìí nìkan ni mo fọwọ́ ara mi kọ.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Nereida.