Ilé Tí Mo Tún Ṣe Kí Bàbá Rẹ Tó Dé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé, báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni àwọn ọmọ, ṣé ikọ́ àbíkẹ́yìn ti lọ? Mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ tí n kò mọ̀, mo kí aládùúgbò yín tó ń gbé lókè orí yín tí ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ, kí oorun rẹ máa tó ọ, kí àwọn ọmọ rẹ gbó, kí ojú rẹ sì ríran títí o fi máa bá wọn yan ìyàwó. Àmín. Èmi náà wà. N kò ní parọ́ fún ọ pé mo wà dáadáa, àmọ́ mo wà.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí o rà fún mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí pé kí n wo àwòrán àwọn ọmọ, ìwé kékeré kan á jáde lójú rẹ̀, kò sì ní lọ. Mo gbé e lọ bá télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa torí èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Télọ̀ ti gíláàsì rẹ̀ sókè imú, ó kà á, ó ní wọ́n ní àyè mi ti kún, kí n kó àwọn ohun tí n kò lò mọ́ dànù kí nǹkan lè máa yá. Ó dùn mí díẹ̀. Ta ló mọ inú ilé wa bí kò ṣe ìwọ? Ìwọ lo wálé lọ́dún tó kọjá tí o fẹsẹ̀ kọ àpótí lójú ọ̀nà yàrá tí èékánná rẹ ya. Mo ní ó dáa, ọmọ mi ò lè sọ ọ́ lójú mi, ìdí nìyẹn tó fi ní kí fóònù bá òun sọ ọ́.

Bàbá rẹ ò sí nílé nígbà náà. Àbúrò wọn ọkùnrin ti mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n lè yẹ ojú wọn wò ní ọsibítù ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n tó dé, màá ti sọ ilé di tuntun, kí wọ́n fi ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú rí nǹkan tó dára.

Télọ̀ bá mi wá obìnrin kan nínú fóònù tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ilé ṣe kíákíá. Èdè wa ló ń sọ. Mo kí i, kò dáhùn, mo ní bóyá iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn. Ó ní láti òkè ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ká máa sọ̀ kalẹ̀, kí eruku àjà má baà bọ́ sórí ilẹ̀ tí a ti gbá, ó ní ká parí yàrá kan ká tó wọ òmíràn, ká pín ẹrù sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tí a ó lò, èyí tí a ó fi tọrẹ, èyí tí a ó dànù. Ó ń yára jù fún mi. Mo ní kó dúró dè mí, kò dúró. Télọ̀ wá fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí, bí mo sì ti tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà dúró gbagidi pẹ̀lú àkísà lókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré yọ òwú aláǹtakùn, mo sáré gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí n kò fẹ́ kí apá ọmọ ọlọ́mọ kú sókè nítorí tèmi. Bí iṣẹ́ ṣe yá nìyẹn. Mo fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nu gíláàsì fèrèsé títí mo fi rí ara mi nínú rẹ̀, mo sì rí i pé mo ti darúgbó.

Mo wá kó ẹrù síta. Àga ńlá bàbá rẹ tí fóòmù rẹ̀ ti yọ ìfun, káfíńtà gbé e. Kàlẹ́ńdà gbogbo ọdún tó wà lára ògiri, kọ́tìnì tó ti ṣá, àpótí tó ya ọ́ léèékánná, àwọn rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tó ń kó pàǹtí kó wọn lọ. Mo fa ìṣó tí bàbá rẹ ń fi fìlà kọ́ yọ. Mo ti bẹ́ẹ̀dì sójú fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọn. Ọ̀dà funfun ṣẹ́ kù lọ́wọ́ pẹ́ńtà tó ń kun ilé ìwé, ó bá mi fi kun ilẹ̀kùn iwájú tó jẹ́ àwọ̀ ewé tẹ́lẹ̀. Ilé mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá wúkọ́, ilé á bá mi wúkọ́ padà.

Ọkọ̀ àbúrò wọn já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ torí ó ń kánjú. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó jáde. Bàbá rẹ dúró, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wò mí, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o, onílé. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ni àwọn ń wá, àdúgbò yìí náà ni. O mọ̀ wọ́n, wọ́n lè fojú líle ṣàwàdà títí ènìyàn á fi máa bẹ̀bẹ̀. Èmi náà bá wọn ṣe é, mo ní alágbà, onílé ò sí nílé o, ẹ jókòó dè é. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, wọ́n sì ní ẹ mà láyọ̀ o.

Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti fẹ́ mi, “ìwọ” ni mò ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Inú dídùn, ìwọ. Inú bíbí, ìwọ. Mo wo ojú wọn dáadáa. Wọ́n ń wò mí bí ọmọlúàbí ṣe ń wo ìyàwó ẹlòmíràn, wọ́n yára gbójú kúrò. Ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu mi.

O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin pè mí, tí a ní ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣìnà nínú ilé. Iná lè kú, wọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga, wọ́n á fọwọ́ kan àpótí, wọ́n á dé ìdí omi láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. N kò mọ̀ pé àwọn ẹrù yẹn ló ń fà wọ́n lọ́wọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó wọlé jẹun. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Wọ́n ní ilé yìí mọ́ o, pé ìyàwó àwọn kì í da nǹkan kan nù, bí ewúrẹ́ bá wọ ilé àwọn, ìwákiri ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá kí n bínú ni àbí kí n sunkún. Wọ́n jẹ ìrẹsì díẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ìyàwó àwọn á ti máa wo ọ̀nà. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n sùn, wọ́n ní kò yẹ kí àlejò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo sáré lọ bá káfíńtà. Ó ti tú àga, ó ti fi apá rẹ̀ ṣe àpótí ìjókòó fún onídìrí. Onídìrí gbé e fún mi, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sí ibi tí àga wà tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ ní ó dára, àmọ́ ó kéré. Pẹ́ńtà tún ilẹ̀kùn kùn, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀dà tàtijọ́, èyí tó rí ń tàn bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bàbá rẹ ní àwọn ará ilé yìí mà lówó o, lánàá funfun, lónìí àwọ̀ ewé.

Mo gbé fóònù, mo bi obìnrin yẹn pé tí ènìyàn bá fẹ́ tún ilé ṣe padà sẹ́yìn ńkọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo gbé e lọ bá télọ̀, ìwé yẹn sì tún jáde. Télọ̀ wò ó pẹ́, ó yọ gíláàsì, ó ní ìyá, ẹ dárí jì mí, kì í ṣe ilé yín ló ń sọ, inú fóònù fúnra rẹ̀ ló kún, àwòrán àwọn ọmọ àti ohùn tí ẹ fi ń ránṣẹ́ síra yín ló kún un. Mo ní nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, níbo ló ti rí yàrá tó fẹ́ kún? Ó ní kí òun bá mi pa díẹ̀ rẹ́. Mo já a gbà, mo wé e mọ́ aṣọ mi. Kó kún. Bó bá fẹ́ bẹ́, kó bẹ́. Mi ò da nǹkan kan nù mọ́ láyé mi.

Nọ́ọ̀sì tó wá wò wọ́n ní àìsàn ìgbàgbé náà ti wà lára wọn tipẹ́, pé ilé tó yí padà kàn jẹ́ kí a rí i ni. Ó fi ń tù mí nínú. Kò tù mí nínú.

Báyìí, àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ bàtà láti lọ wá ilé wọn. Mo kọ́kọ́ di ọ̀nà, wọ́n bi mí bóyá ọ̀daràn ni àwọn. Mo wá ń bá wọn lọ. A ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, a ó yí gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, mo ní ká lọ sinmi lọ́dọ̀ mi, ká tún wá a lọ́la, wọ́n á sì gbà. Lójú ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyàwó wọn fún mi. Wọ́n ní ó máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́, pé kò mọ orin kọ rárá, àmọ́ bí àwọn ò bá gbọ́ ọ, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun àwọn. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí, ọmọ mi. Láti gbogbo ọdún tí a ti fẹ́ra wá.

Lánàá wọ́n bi mí bóyá mo lọ́kọ. Mo ní mo lọ́kọ. Wọ́n ní níbo ló wà tó fi jẹ́ kí n máa bá ọkùnrin àjèjì rìn kiri. Mo ní ó rìnrìn àjò. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní kí n má bara jẹ́, ọkùnrin tó bá ní irú mi nílé á padà wá.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ìdí bàtà bàbá rẹ ti jẹ tán. Má fi í gba báńkì o. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn fún mi lówó nígbà tó kọjá, bí mo ṣe dúró tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo ní kó bá mi kí ọ, ó gbé káàdì mì. Awakọ̀ ni kí o fi rán, tàbí kí o mú un wá fúnra rẹ, èyí ló wù mí jù. Bí o bá dé tí wọ́n bá kí ọ bí àlejò, má sunkún lójú wọn. Sọ pé ọmọ ìyàwó wọn ni ọ́, pé o wá bá wọn wá ilé. Inú wọn á dùn pé a di mẹ́ta.

Kí Ọlọ́run bá ọ jáde, kó bá ọ wọlé. Ojú tí o fẹ́ràn kò ní wò ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó bàbá rẹ.