Ẹ̀fọn Fẹ́ Sọ Wá Di Ẹbí Ògúnwùmí

Lanlate,
Ọjọ́ Àìkú.

Rùkáyyàh Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé rẹ kò yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́? Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ tó ní àmì funfun lójú ti bí ìbejì, kò kúkú sí ohun tí kì í bí ìbejì ní Ìbàràpá yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohun tí etí wa kò fẹ́. Àmín.

O máa bèèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kan Ògúnwùmí ọdẹ, bàbá Ọláníyì tí o fẹ́ fẹ́, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin wa, o sì mọ̀ pé n kì í lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú fóònù torí Ìbàdàn jìnnà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo fi rán Tàófíìk ọlọ́kọ̀.

Ṣé o rántí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa nígbà kan? Mo fi tiwa bo ebè ata, torí adìẹ. Ògúnwùmí fi tirẹ̀ bo ẹran ìgbẹ́ tó ń sá sóòrùn, torí eṣinṣin. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Salome wá sí àdúgbò wa, ó rí nẹ́ẹ̀tì lórí ata, ó ká ọwọ́ lérí. Ó pe gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, akọ kì í mu ún. Àwa ọkùnrin wo àwọn ìyàwó wa. Ó ní tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà ń ṣe, kòkòrò tí ojú kò lè rí á bá a wọ inú rẹ̀, á dàgbà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tó bá wá jẹ ẹlòmíràn, á tu ú sí i lára.

Mo nawọ́, mo bi í pé tí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ mi tán, tó gba ojú fèrèsé lọ jẹ Ògúnwùmí, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi kò ní wọ ara Ògúnwùmí? Ó ní rárá, bàbá, itọ́ rẹ̀ ló ń tu, inú itọ́ ni kòkòrò náà wà, kì í da ẹ̀jẹ̀ padà. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Ta ní í mu ẹ̀kọ tí kì í kán díẹ̀ sáyà?

Ọgbọ̀n ọdún ni èmi àti Ògúnwùmí ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láìsí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fọn á jẹun níbí, á lọ parí rẹ̀ lọ́hùn-ún. A ti di ọmọ ìyá. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹran ìgbẹ́ fi ń wù mí láti bí ọdún mẹ́ta? Kí ló dé tí Ògúnwùmí tí kì í kírun fi ń jí ní àsùbáà lójoojúmọ́? Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ló ń jí i.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kì í fi ọmọ fún ara wọn. Mo lọ bá Àfáà, ó ní ẹ̀sìn kò kọ̀ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ra wọn. Mo ní ẹ̀sìn lè má kọ̀ ọ́, Lanlate kọ̀ ọ́. Inú mi bàjẹ́, ọmọ mi, torí mo fẹ́ràn Ọláníyì, ọmọ tí í dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Oorun kò kùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo wá lọ bá Ògúnwùmí, mo ní ìgbéyàwó kò ṣeé ṣe mọ́, ẹ̀fọn ti sọ wá di ẹbí. Mo rò pé á bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ ẹbí ni wá, ká pín ilẹ̀ oko bàbá mi tó wà lọ́nà Tápà sí méjì.

Mo sáré padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀fọn ṣe ń pẹ́ láyé tó. Ó ní èyí tó bá pẹ́ jù kì í sábà ju oṣù kan lọ. Mo ní Àlùhámúdù. Tí àwọn ẹ̀fọn tó so wá pọ̀ bá kú tán, tí òmíràn kò sì rí wa jẹ, ẹbí náà á tú.

Nọ́ọ̀sì fún ilé méjèèjì ní nẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo so tiwa, mo so ti Ògúnwùmí fúnra mi, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ wò ó bóyá wọ́n ti ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní. Mo da omi inú táyà àti agolo nù. Ìkòkò tí ìyá rẹ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́, mo wá ọmọrí fún un. Ó ń bú mi, mo ń ṣe é.

Rùkáyyàh, o rántí pé lójò èṣí, ibà gbé Ọmọ́tárá àbúrò Ọláníyì títí tó fi ń sọ ìsọkúsọ, tí a fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Erúwà, tí èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a ń sunkún. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Oṣù kẹta òjò ọdún yìí rèé, kò sí ẹnì kankan nínú ilé méjèèjì tí ibà tíì gbé. Nọ́ọ̀sì yìn mí, ó ní kí n wá sọ fún àwọn ará Ayete bí mo ṣe ṣe é. Mo máa lọ, ṣùgbọ́n n kò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹbí, torí ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹbí ti tú, ìgbéyàwó dúró. Ẹ wá lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Fi owó nẹ́ẹ̀tì kan sí i ránṣẹ́, èyí tó wà nílé kò bo ẹsẹ̀ mi, má sì gba báńkì, torí èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà kan, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi. Ó pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìrẹ. Tàófíìk ni kí o fún.

Ìwọ náà, máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀fọn Ìbàdàn má sọ wá di ẹbí ẹni tí a ò mọ bàbá rẹ̀. Sọ fún Ọláníyì kó máa sùn sábẹ́ tirẹ̀, nínú yàrá tirẹ̀, ní àdúgbò tirẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ yín, á fi ìbejì ta yín lọ́rẹ, kò ní fi àìsàn ṣe ìpín yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbọ́ pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo jẹ ẹ̀yin méjèèjì lóru ọjọ́ kan náà, ẹ óò ṣàlàyé fún mi ibi tó ti bá yín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hàkímù Òjó.