Orúkọ Rẹ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Olóyè

Ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Alápòtì.
Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú.

Fúnkẹ́mi, Àdùnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìríṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdúró de iṣẹ́, nítorí mi ò mọ èyí tó máa bá ọ nílé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé omi ń yọ nínú ilé tí o gbà ní Ṣàngó? Ọlọ́run tó mú mi dúró níwájú pátákó dúdú fún ọdún márùndínlógójì tí ẹfun ìkọ̀wé ò fọ́ mi lójú, òun náà ni yóò mú ọ dúró. Ara mi le, àfi orúnkún òsì. Adìyẹ rẹ tó ní àmì funfun lọ́rùn ti pa ọmọ mẹ́fà, àṣá ti gbé méjì. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò níbi tó ti ń jò. Wọ́n ti kun ilé ìwé wa lọ́dà tuntun, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ra ọ̀dà sára ògiri, ó tóbi ju orúkọ ilé ìwé lọ.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. O mọ òpó fóònù gíga yẹn, inú ọgbà Olóyè Ọláṣùpọ̀ ló wà, ohunkóhun tí mo bá sì sọ ní láti gba inú ọgbà rẹ̀ kọjá kó tó dé Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ Olóyè gan-an ni mo fẹ́ rò fún ọ. Waliyullah tó ń ta káàdì fóònù níwájú mọ́ṣáláṣí ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé inú afẹ́fẹ́ ni ohùn ń gbà. Mo bi í pé ta ló ni afẹ́fẹ́ tó wà lókè ọgbà Olóyè, ó ní káàdì ti èló ni mo fẹ́ rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán Ràfátù tó ń gbé gaàrí wá sí ọjà Ṣàngó. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ, má sì kà á níwájú ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ oníke yẹn ti dá ẹ̀yin ogójì dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti ń gbàdúrà iṣẹ́ fún ọ. Nígbà tí o wá sọ fún mi pé Lọ́yà Tẹjúmọ́lá, tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ nótárì, ti gbà ọ́ láti máa gbé ìwé lọ bá àwọn èèyàn nílé wọn, kí o wo ojú wọn, kí o wo káàdì ìdánimọ̀ wọn, kí wọ́n buwọ́ lùwé lójú rẹ, kí ìwọ náà kọ orúkọ rẹ sábẹ́ pé o rí wọn, kí o tó gbé e padà fún un kó fi òǹtẹ̀ lù ú, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn nítorí pé iṣẹ́ tí kò ní ariwo ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rù bà mí nítorí ẹ̀gbọ́n mi Dúrójaiyé. O kéré nígbà náà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ọkùnrin kan tó gba ẹ̀yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọkùnrin náà gba Kòtónú lọ, a ò rí i mọ́ títí dòní. Ewúrẹ́ mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kó nílé Dúrójaiyé. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá kọ orúkọ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíì ti di onídùúró rẹ̀. O ti ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹlẹ́rìí kì í ṣe onídùúró, pé ohun tí ojú rẹ rí nìkan lo ń jẹ́rìí sí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń ka iye èèyàn tí o ti kọ orúkọ rẹ sábẹ́ wọn, mo sì máa ń bi ara mi pé tí gbogbo wọn bá sá lọ́jọ́ kan náà ńkọ́.

Kò pẹ́ lo tún sọ pé ọjà kú, pé ìwé méjì péré lo rí lóṣù kan, pé kò sẹ́ni tó ń ra ilẹ̀, pé àwọn ilé iṣẹ́ kò gba èèyàn tuntun débi tí ẹnikẹ́ni á wá ìwé ìbúra. O fi àádọ́ta káàdì tó ní orúkọ rẹ ránṣẹ́, o ní kí n bá ọ pín in. Mo pín in bí ìgbà tí mo ń pín èsì ìdánwò. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, mo fún nọ́ọ̀sì, mo fún lèmọ́ọ̀mù, mo fún pásítọ̀. Àwọn èèyàn sì dá mi lóhùn. Ràbíátù ìyàwó kafíńtà wá bi mí bóyá o lè jẹ́rìí nínú ìwé pé ọkọ òun kì í sùn sílé. Mo ní o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú ara rẹ rí i. Ó ní kò burú, kí o wá gbé lọ́dọ̀ òun fún oṣù kan.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí ni Olóyè Ọláṣùpọ̀ wá fúnra rẹ̀, káàdì rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé tó gbé wá, oyè mẹ́rin ló kọ síwájú orúkọ rẹ̀, orúkọ gan-an ò ráyè jókòó àfi ní ìlà kejì. Èmi ni mo kọ́ Olóyè ní kíláàsì kẹta. Kò mọ ìsọdipúpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán ọmọ ẹlòmíì níṣẹ́ tó o. Ó ṣí fìlà fún mi, ó ní òun gbọ́ pé ọmọ tíṣà òun ti di èèyàn láàárín àwọn lọ́yà, pé ìwé méje rèé, pé àádọ́ta ń bọ̀ lẹ́yìn, pé gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá ti ọwọ́ òun tà láti ibí dé Ìjù, ìwọ lo máa jẹ́rìí sí i. Fúnkẹ́mi, mo ro ti ìwé méjì lóṣù kan, omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀.

Ìwé náà ní Bàbá Àmúsà ti gé oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó wà lódì kejì odò sí ọ̀nà méje, ó sì ti tà á fún èèyàn méje tí Olóyè bá a wá. O rántí Bàbá Àmúsà, aládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ gbé lọ sí Ìjù lọ́dún tó kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Owó ẹ̀gẹ́ oko yẹn ló fi ń jẹun. Àmì àtàǹpàkò ti wà lábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo bi Olóyè pé ṣé kì í ṣe ojú ẹlẹ́rìí ló yẹ kí bàbá ti tẹ̀ ẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màámi, ìwé lásán ni. Ẹ jẹ́ kó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ó parí. Kí ni ọmọdé fẹ́ wá máa fi oòrùn pa ara rẹ̀ sí láti Ṣàngó?” Ó ní ti ìwé kìíní ló ń kán òun lójú, pé ẹni tó fẹ́ rà á ń dúró.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ọ́ nìyí, ọmọ mi. Mo gba báírò, mo sì kọ orúkọ rẹ sábẹ́ ìwé kìíní yẹn, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹlẹ́rìí. Mo rò ó pé tó bá jẹ́ ọwọ́ mi ló kọ ọ́, orúkọ rẹ á gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onídùúró ò ní lè dì mọ́ ọ lọ́rùn, torí pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́. Ó jọ ọgbọ́n lójú mi nígbà yẹn. Mo kọ ọ́ dúdú mọ́ funfun, lẹ́tà tó dúró ṣánṣán. Olóyè wò ó, ó ká a, ó fi sápò, ó ní òun á padà wá gba mẹ́fà tó kù lọ́jọ́ Ẹtì.

Bó ṣe lọ tán ni mo mú báírò pupa, mo ní kí n bá a tún àṣìṣe inú àwọn tó kù ṣe kí lọ́yà má baà rò pé ibi tí mo ti ṣe tíṣà ni wọ́n ti kọ́ Olóyè bẹ́ẹ̀. Mo rí àṣìṣe mọ́kànlá. Lábẹ́ ìwé ni mo ti wá kà á pé: àmì àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Àmúsà. Mo jókòó sílẹ̀. Èmi àti bàbá yìí jọ gbé àdúgbò fún ogún ọdún. Ẹ̀rọ ti gé àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ kúrò láti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ irin ní Ṣàngó. Olóyè wà ní Èkó nígbà náà, kò mọ̀. Èmi mọ̀, mi ò sì wò ó dáadáa, nítorí pé ojú iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí o rí ni mo ń wò.

Lánàá mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní Ìjù. Mo bi í bóyá ó ta oko. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ aṣọ, ó nà án sí mi. Ó ní, “Ìyá tíṣà, èwo nínú wọn ni wọ́n ní mo fi tẹ̀ ẹ́?” Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní ṣé ẹ̀gẹ́ òun ṣì wà lórí ilẹ̀. Ó wá béèrè pé ta ni wọ́n ní ó rí òun nígbà tí òun ń tẹ̀ ẹ́. Mo bá a ká aṣọ tí wọ́n sá síta, mo ní ó dàbọ̀. Mo dé ìdí ọ̀kadà, mo padà. Mo ní orúkọ ọmọ mi ni, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Kò bú mi. Ó ní, “Wọ́n á mú ọmọ náà o.”

Láti àná, gbogbo mọ́tò tó bá rọra ń kọjá níwájú ilé, mo rò pé ọlọ́pàá ló ń béèrè ilé ìyá Fúnkẹ́mi. Ìwé mẹ́fà yẹn wà nínú àpò gaàrí tí Ràfátù gbé wá, mo fi ọ̀rá wé e, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tí Olóyè bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ò ní purọ́ fún un, màá ní ìwé rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ní Ṣàngó. Ohun tó máa ṣe mí lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò mọ̀.

Ìwé kìíní tó wà lápò rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, má jẹun, má wẹ̀, lọ bá Lọ́yà Tẹjúmọ́lá kí Olóyè tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ lọ́yà mìíràn. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ti kọ orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sẹ́yìn ìwé yìí, kó fi wé bí ìwọ ṣe ń kọ tìrẹ, á rí i pé ọwọ́ mi ni. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti di aṣọ méjì àti oògùn orúnkún mi sínú báàgì.

Iṣẹ́ sì wà fún ọ níbẹ̀. Bàbá Àmúsà fẹ́ ṣe ìwé pé òun ò ta oko fún ẹnikẹ́ni, àtàǹpàkò òsì ló fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, ó sì ní ojú rẹ lòun ti máa tẹ̀ ẹ́. Èmi náà fẹ́ ṣe ìwé pé èmi ni mo kọ orúkọ rẹ. Bí òfin bá ní o ò lè jẹ́rìí fún ìyá rẹ, kí lọ́yà rán ẹlòmíì sí tèmi, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n gba ti Bàbá Àmúsà lọ́wọ́ rẹ. Kò sówó lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Owó ìfẹ̀yìntì mi ṣì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Abẹ́òkúta. Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ sí wa ká fi san owó iṣẹ́ rẹ, kí o fi ti ọ̀kadà sí i. Má dín kọ́bọ̀ kan kù fún wa, mo mọ̀ pé ọjà ò dáa.

Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tí mo fi kọ́ ọ ní lẹ́tà jẹ́ ọwọ́ tó máa bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Yóò ṣíwájú rẹ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Iṣẹ́ tí o máa ṣe tí o máa fi ojú rẹ méjèèjì rí, Ọlọ́run á rán an sí ọ. Má kọ orúkọ rẹ sábẹ́ ohun tí o ò rí, kódà bó jẹ́ èmi ni mo fi rán ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morónfólú Ṣọládé.

Ojú Ràfátù ni mo ti kọ orúkọ mi yìí. Mo ní kó kọ tirẹ̀ sábẹ́ pé ó rí mi. Ó ní òun rí mi, ṣùgbọ́n òun ò ní kọ nǹkan kan.