Ìka Tí Mo Tẹ̀ Sílẹ̀ De Ìrun

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo, Agbowó,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Èmi Ìfẹ́dayọ̀, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá Sànúsí, ni mo ń bá wọn kọ ọ́, torí wọn kò kàwé. Wọ́n ní tí àwọn bá sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó já a gbà mọ́ àwọn lẹ́nu.

Ikrimah, ọmọ ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Ṣé ẹ ti ń wa iṣu ní Kíṣì? Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni Àpínkẹ́, ọmọ Láwùmí ọmọ mi, ń gbé lọ sílé ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nasrullah ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Kì í na ọmọ. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé tí ó fàlà sí, ojú kan fún ìrun Àsùbáà ọjọ́ kan, odidi ọgbọ̀n ọjọ́. Àgbà tó bá rí ọmọ lórí ìrun ni yóò fọwọ́ sí i. Tèmi, ìka ni.

Lọ́jọ́ tí ìwé dé, mo tẹ ojú ọgbọ̀n náà tán lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé mo ṣe ọmọ lóore ni. Ta ni yóò máa wá tàdáwà kiri láràárọ̀? Nígbà tí tíṣà bi Àpínkẹ́ nípa rẹ̀, ọmọ náà ní, "Bàbá ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀la náà, sà. N kò tiẹ̀ kí ti òní." Tíṣà kò bínú, kò sì jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fún un ní ìwé mìíràn, ó ní kó kí mi.

Kíkí yẹn ló bí mi nínú. Ọmọ àná! Mo ní n kò tẹ̀ka sí ìwé kankan mọ́. Ó di ọjọ́ mẹ́wàá. Láràárọ̀ ni Àpínkẹ́ ń dìde fúnra rẹ̀, á ṣe àlùwàlá, á kírun, á wá gbé ìwé àti tàdáwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Láàárọ̀ àná, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kó mú un wá, kí n tẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rí mi ni?"

N kò rí i. Oorun ni mo ń sùn. Láti ìgbà tí ìyá Láwùmí ti kú, Ikrimah, n kò dìde kí Àsùbáà mọ́. Mo rò pé ọmọ náà kò mọ̀. Ìfẹ́dayọ̀ dáwọ́ dúró nígbà tí mo sọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ìwọ lo máa ń ta omi sí mi lójú ní abà, tí màá máa bú ọ. Tí lẹ́tà yìí bá dé, máa pè mí ní ìdájí. Tí mo bá bú ọ, tún pè.

Ìfẹ́dayọ̀ ń kánjú lọ sí Dùgbẹ̀, ó ní kí n tẹ̀ka sísàlẹ̀, òun á kọ ìyókù tí òun bá dé. Mo kọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ tán, kó kà á fún mi.

Bá mi kí gbogbo ará ilé.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ olóríkunkun,
                                        (àtàǹpàkò wọn rèé)
                                        Sànúsí Akínbíyìí

Àwọn tó ṣojú wọn:
Tẹjúmọ́lá, onílé wa.
Àpínkẹ́, ọmọ ọmọ wọn, tó ní kí n tún un kà kí òun tó fọwọ́ sí i.