Kí Díìsì Kọ́kọ́ Lahùn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ta wọ́n lọ́rẹ — tuntun sí wọn, kì í ṣe tuntun sáyé — inú wọn ṣófo, kò sí ètò kankan níbẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní títẹ̀wé ló pè mí, èmi tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun náà kò ríran, ó sì jù mí lọ díẹ̀. Mo rò pé kí n bá a gbé ètò sórí wọn ni. Ó ní, “Àbúrò, mi ò ní kí o bá mi ṣe é. Díìsì tí màá fi ṣe é fúnra mi ni mo fẹ́.” Díìsì tí yóò máa ka ojú ẹ̀rọ sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti fún un ní gbèdéke: bí kò bá lè dá wọn ṣe títí di Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tíṣà tó ríran ni yóò gba yàrá rẹ̀.

Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi yìí! Èmi tí mo kàwé mọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mẹ́jọ náà wálé. Díìsì ṣe tán, ó sì dákẹ́ bí òkúta. Kò dá káàdì ohùn inú ẹ̀rọ náà mọ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ ni kò sí — ètò kékeré tí í kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe bá ẹ̀yà ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà ti kógbá sílé. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ òótọ́ fún obìnrin náà. Mo ní màá lọ. N kò lọ.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbọ́n lójú ara mi. Bí a ò rí ẹni tí à ń wá, a ò lè pe ẹbí rẹ̀? Dírẹ́bà gbogbo káàdì tó jọ ọ́ ni mo kó, mo rọ́ wọn sínú díìsì wìtìwìtì. Ọ̀kan á sáà bá a mu.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Igbe. Bí ẹni ń wọ́ páànù lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹbí ń jà, ẹ̀rọ kò mọ ti ta ni kó gbọ́. Ìyàwó mi di etí: “Baálé mi, ṣé ẹran lẹ̀ ń pa ni?”

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo dá ẹ̀rọ padà, mo jẹ́wọ́. Mo ti múra fún èébú. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní bí olùkọ́ bá pọ̀ jù ní kíláàsì, ọmọ ò ní mọ̀wé.

Ó wá ní kí n tan ẹ̀rọ náà. Kí n pa á. Kí n tún un tàn. Ó ní ṣé mo gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ kó tó jí? Ikọ́ wo? Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá kejì, ó ní kí n tan ògbólógbòó kan tó wà níbẹ̀, èyí tó ń kàwé sí wọn létí láti ọjọ́ pípẹ́. “Ikọ́ kan náà. Ìyá kan ló bí wọn.”

Orúkọ káàdì wọn ò jọra. Ilé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. N kò tiẹ̀ ronú kàn án nígbà tí mò ń ṣa ẹbí jọ. Mo da dírẹ́bà ògbólógbòó náà kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gba tíṣà gbọ́.

Láti òní, Etí ni màá máa pe tíṣà náà. Nínú ìwé yìí nìkan o.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo yọ gbogbo ẹbí kúrò. Mo fi ẹyọ kan tí mo dà kọ sínú díìsì. Ẹ̀rọ tí màá fi dán an wò ti padà sọ́hùn-ún — bóyá ìdí tí mo fi tètè dá a padà nìyẹn. Ojo ni mí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Etí ki díìsì bọnú ẹ̀rọ.

Díìsì lahùn! Ohùn tín-ín-rín, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó kí i, ó bi í ní ohun tó fẹ́. Ìka rẹ̀ dáhùn. Mo na ọwọ́ láti tọ́ka bọ́tìnì kan — “Àbúrò, ọwọ́ ẹ.” Báwo ló ṣe mọ̀? Háà. Ó ní, “Jáde. Ọ̀gá, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Mímí yín ń dí mi létí.”

Àwa méjèèjì dúró síta bí ọmọ tó pẹ́ dé. Ẹ̀rọ ń béèrè, ìka ń dáhùn. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀gá wò mí.

Ni ohun kékeré kan bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Etí ti parí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kejì nínú mẹ́jọ ló ń tàn. Ọ̀gá kò gbọ́ nǹkan kan, ó ń bi mí pé kí ló dé.

Mo gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ.

Mo ní kí ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ara ilẹ̀kùn, yàrá Etí ni. Ó fi kọ́ ọ.